Ilẹ̀ Ẹnìkan, Èpò Gbogbo Ìlú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà, ìbéèrè kan ni a gbé wá síwájú yín: bí ènìyàn bá ní ilẹ̀, ṣé ó ní ẹ̀tọ́ láti jẹ́ kí èpò orí rẹ̀ máa ṣe bó ti wù ú? Ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn pé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Àwa náà ti dáhùn bẹ́ẹ̀ rí, kí ọ̀rọ̀ tó kàn wá.

Ní abúlé tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, pápá kan wà tí àwọn Fúlàní tó ń bá wa gbé ti máa ń da màlúù wọn jẹ̀. Nígbà tó yá, màlúù bẹ̀rẹ̀ sí wọ oko ẹ̀gẹ́. Ariwo ta, àdá jáde, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀. Nígbà tí a bá àwọn àgbà dé pápá náà, a rí i pé ewé Akíntọ́lá ti gba gbogbo rẹ̀. Màlúù kì í fẹ́ jẹ ewé yìí, bó bá sì jẹ ẹ́, ó lè ṣe é ní jàǹbá. Koríko tó ń jẹ ti kú sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀bi ta ni? Ṣé ti ẹni tó da ẹran ni, àbí ti ẹni tó fi pápá sílẹ̀ tó di igbó?

Ewé Akíntọ́lá kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1937 ni ó bá irúgbìn igi gmelina wọ Nàìjíríà láti Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka báyìí. Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e wá. Ìdí kan ṣoṣo lè so ẹgbẹẹgbẹ̀rún èso. Èso náà fúyẹ́, ó nírun lára. Afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ àti ara ẹran. A lè fi pèrègún pa ààlà ilẹ̀, ṣùgbọ́n pèrègún kò lè dá afẹ́fẹ́ dúró.

A tọ onílẹ̀ lọ ní ìlú ńlá tó ń gbé. A bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀daràn sọ̀rọ̀. Ó ní: "Àáfà, ẹ má bínú o. Ṣé èmi ni mo gbìn ín ni? Ẹ̀yìn ilé kéú yín ńkọ́?" Ẹnu wa wọhò. Òótọ́ ni, ewé náà ga ju fèrèsé wa lọ. Ilé ni à á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ìgbà tí a padà dé ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè. Ìyá kan tó ń dáko ní ewé náà kò burú tán: ilẹ̀ tó ti ṣá máa ń sinmi lábẹ́ rẹ̀, ó ń pa ẹ̀kan, òun náà ni a sì ń fún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Àgbẹ̀ mìíràn ní ibẹ̀ ni tata ti ń kó jọ. Darandaran ní òun ti ṣán an títí, ṣùgbọ́n ó ń rú padà láti ìdí, àlejò kò sì lè hú gbòǹgbò lórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ. Gbogbo wọn ló ní ìmọ̀ tí àwa kò ní.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní Queensland, ní ilẹ̀ Australia, ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún kan gba ilẹ̀ àgbẹ̀ àti ti ẹran ọ̀sìn. Ìjọba mú kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ wá láti Argentina ní 1925, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onílẹ̀ fúnra wọn ló gba ẹyin kòkòrò náà, tí wọ́n fi í sára ọrọ́ nínú oko wọn. Inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Boonarga fi kọ́ gbọ̀ngàn kan ní 1936, wọ́n sì fi orúkọ kòkòrò náà sọ ọ́.

Gbogbo wa la mọ àkàwé tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣe nípa àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi, tí àwọn ti ìsàlẹ̀ fẹ́ dá ihò sí apá tiwọn kí wọ́n lè rí omi. Bí àwọn ti òkè bá dákẹ́, gbogbo wọn ni yóò rì. A máa ń rántí pé ká di ẹni náà lọ́wọ́ mú. A kì í rántí pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí ihò má sí, kó bu omi fún ará ìsàlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yìn ilé kéú wa ni a kọ́kọ́ hú. Lẹ́yìn náà ni àwa, àgbẹ̀ àti darandaran jọ padà tọ onílẹ̀ lọ. Ó fún wa láṣẹ, ó sì gbé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ lé orí ara rẹ̀. A sọ iṣẹ́ náà di àáró, kí ewé tó tanná lọ́dọọdún. A sì fi apá kan sílẹ̀ fún ìyá yẹn títí tó fi gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Èpò náà kò tíì tán, ṣùgbọ́n àdá tí à ń yọ sí ara wa tẹ́lẹ̀, igbó ló ń ṣán báyìí.

Ìdáhùn wa rèé: ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n ohun tó ń ti ibẹ̀ fò lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni aládùúgbò tó fẹ́ kí onílẹ̀ ṣe ojúṣe rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú àdá tirẹ̀ náà dání lọ. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á rí èpò ẹ̀yìn ilé wa kí á tó rí ti ẹlòmíràn. Àmín.