Ta Ni Ó Jẹ̀bi Agara?

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá yín jíròrò kí ọdún tó parí: bí agara bá dá òṣìṣẹ́ nígbà tí ọdún ń lọ sí òpin, ta ni ó jẹ̀bi rẹ̀? Àwa Yorùbá kò fi àárẹ̀ àti agara pe ohun kan náà. Ẹni tí ó rẹ̀, bí ó bá sùn, ara rẹ̀ a tún yá. Ṣùgbọ́n ẹni tí agara dá, a máa bá a sùn, a sì máa bá a jí. Iṣẹ́ tí ó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ a máa rí i lára, a sì máa wo ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún bí ọ̀tá. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe àpèjúwe irú nǹkan bẹ́ẹ̀: pé ibi iṣẹ́ ni ó ti ń wá, pé okun a máa tán nínú ẹni, ọkàn a máa jìnnà sí iṣẹ́, iṣẹ́ náà kì í sì í dára mọ́. Wọn kò kà á mọ́ àrùn. Àwọn bàbá wa ti ní orúkọ fún un kí àjọ náà tó wà.

Ẹni tí ó bá ń gbé Kuje, ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ní Èkó, kò ní wá ẹ̀rí lọ jìnnà. Ní oṣù mẹ́rin tí ó kẹ́yìn ọdún, tí àwọn ará Èkó ń pè ní oṣù ẹ́ńbà, gbogbo ọ̀nà Àgbádárìgì a máa gbóná. Ọkọ̀ ńlá ń ti Àpápá bọ̀ gba Mile 2. Ní ọjà Trade Fair, àwọn ọmọ-iṣẹ́ ń ru ẹrù láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àwọn olùkọ́ sì ń yẹ ìwé ìdánwò wò, nítorí pé sáà kìn-ín-ní fẹ́ parí. Àjọ̀dún ni a tìtorí rẹ̀ kọ́ Festac, láti fi gba àwọn àlejò tí ó wá ní oṣù kìn-ín-ní àti oṣù kejì ọdún 1977. Lónìí, nínú ìlú tí àjọ̀dún bí, àjọ̀dún náà ni ó ń lé wa léré.

Àwa fúnra wa kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ní ọdún kan, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní dárúkọ, a fi ìwé ìdánwò kíláàsì méjì sílẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tí a óò kó ìwé ìsinmi fún àwọn ọmọ. Ẹnikẹ́ni kò fi dandan mú wa. Orin Kérésìmesì ni a ń kọ́ àwọn akọrin, a sì ti gba iṣẹ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa mọ́ tiwa, nítorí pé ìyìn dùn mọ́ wa létí. A fi òru mẹ́ta yẹ ìwé wò. Ní òru kẹta, a kọ 37 fún ọmọkùnrin kan tí ó gba 73. Ọmọ náà gbé ìwé rẹ̀ lọ sílé, bàbá rẹ̀ sì nà án. Nígbà tí ó padà dé ní oṣù kìn-ín-ní, tí ó fi ìwé náà hàn wá, tìtìjú tìtìjú ni ó fi ń sọ̀rọ̀, bí ẹni pé òun ni ó ṣẹ̀. A tún máàkì náà ṣe. Ẹgba tí ó jẹ kò ṣeé gbà padà.

Láti ìgbà náà ni a ti gbà pé okun òṣìṣẹ́ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń san gbèsè olùkọ́ tí kò sùn. Ẹni tí ń rìn lẹ́bàá ọ̀nà ni ó ń san ti awakọ̀. Ẹnìkan lè wí pé, “Ọ̀lẹ ni ẹ ń gbè lẹ́yìn yìí.” Rárá o. Ọ̀lẹ kọ́ ni Èlíjà. Lẹ́yìn iṣẹ́ ńlá lórí Òkè Kámẹ́lì, ó sá wọ aginjù, ó jókòó lábẹ́ igi, ó sì ní kí òun kú. Áńgẹ́lì tí a rán sí i kò bá a wí. Àkàrà àti omi ni ó fi síwájú rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn, a sì tún jí i láti jẹun lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yìn èyí ni ó tó dé Hórébù tí Olúwa bi í ní ìbéèrè.

Nísinsìnyí, oṣù kọkànlá ni a ti ń kọ ìbéèrè ìdánwò wa. Ogún ìwé ni a ń yẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ kan, a ó sì pa ìwé dé, ì báà ṣe pé ọgọ́rùn-ún ṣì kù. A sọ fún olórí akọrin pé a kò ní lè wá ní gbogbo alẹ́. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì tíì dùn di òní.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè kọ̀ ni à ń wí. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé òṣìṣẹ́ tí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù méjìlá láìdá dúró ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀. Ọ̀gá tí ó mọ èyí tí ó sì fi í pamọ́, tàbí olórí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bèèrè ní ọjọ́ mẹ́ta ohun tí ó lè bèèrè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀bi agara àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ wà, kì í ṣe ọrùn wọn. Èyí dá wa lójú.

Ti ẹni tí kò ní ọ̀gá ni kò dá wa lójú. Ní alẹ́ Sátidé kan ní oṣù kejìlá, a bá obìnrin alákàrà kan nídìí iná lẹ́bàá ọ̀nà Festac, a sì gbà á níyànjú pé kí ó lọ sinmi. Ó wò wá, ó ní, “Tíṣà, ẹ ṣeun. Bí mo bá sinmi lónìí, ta ni yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́ ní oṣù kìn-ín-ní?” A kò rí èsì fọ̀. A ra àkàrà, a sì dúró tì í díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ti sùn lọ lórí àpò ẹ̀wà, ìwé tí yóò fi ṣe ìdánwò ní ọjọ́ Ajé ṣí sílẹ̀ lórí eékún rẹ̀.