Ẹni Tí Yóò Mu Omi Lẹ́yìn Wa

Bí ìwọ bá gbéra láti Abẹ́òkúta tí o sì kọjú sí ìhà àríwá, ilẹ̀ Ìbàràpá ni ìwọ yóò bọ́ sí, níbi tí ìlú méje gbé wà: Ìgbò-Ọrà, Ìdèrè, Èrúwà, Láńlátẹ̀, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán. Ìlú ni ilé àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, ṣùgbọ́n oko ni iṣẹ́ wọn. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ti ń gbé ayé wọn kò gbọdọ̀ dúró ní ọjà tàbí ní ààfin, abà ni kí ó yà sí. Ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nígbà mìíràn ilé mẹ́wàá, àmù omi nínú ilé, adìẹ àti ewúrẹ́ díẹ̀, àká àgbàdo lórí òpó, igi kan tí àwọn àgbà ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀: abà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn òyìnbó ní ìgbà kan nínú ọdún tí ewé máa ń wọ́ lára igi, tí òtútù sì máa ń bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tiwa kò ní irú rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n a ní èyí tí ó súnmọ́ ọn, ìyẹn ni ìgbà tí òjò àrọ̀kúrò bá ń dágbére, láti oṣù Ọ̀wàrà títí wọ oṣù Bélú. Koríko tí ó ga ju ènìyàn lọ a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ìrì a máa rin aṣọ ẹni tí ó bá tètè jáde ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọyẹ́ kò tíì dé, ṣùgbọ́n ètè àwọn ọmọdé ti ń là díẹ̀díẹ̀.

Má ṣe rò pé ìgbà ìsinmi ni èyí. Ẹ̀gúsí, èyí tí àwọn ará Ìbàràpá mọ̀ ọ́n gbìn dáradára, ti jẹrà ní ibi tí àwọn obìnrin fọ́ ọ jọ sí nínú oko. Wọn ní láti yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí ó jẹrà náà, kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, kí wọ́n sì sá a sí oòrùn. Ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe láfún gbọ́dọ̀ wà nínú omi fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó rọ̀. Ọkùnrin ilé ń wa iṣu, ó ń ṣa èbù sọ́tọ̀, ó sì ń kọ ebè de ọdún tí ń bọ̀, nítorí bí òjò bá ti lọ tán, ilẹ̀ yóò le, ọkọ́ kò sì ní wọlé mọ́. Èyí ni ó mú kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ṣe àáró: oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la, títí gbogbo wọn yóò fi kan ara wọn. Bí ilẹ̀ bá wá ṣú, tí a sun iṣu tuntun, tí a bu epo sí i, tí ẹnu sì ń lọ tí ẹ̀rín ń sọ, ọba kan kò lè jẹun kí ó gbádùn tó wọn.

Mo fẹ́ kí ìwọ kíyè sí èbù tí mo dárúkọ yìí. Iṣu ni òun náà í ṣe. A lè sè é, a sì lè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ yóò mú un kúrò lẹ́nu ara rẹ̀, yóò sin ín sínú ilẹ̀, kò sì ní retí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ títí di àárín ọdún kejì. Kò rí iṣẹ́ tí èbù náà ń ṣe lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn yóò kọjá lórí rẹ̀, iná ìgbẹ́ yóò jó ní ìtòsí rẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ yóò rọ̀. Síbẹ̀, bí ìwọ bá sọ fún àgbẹ̀ náà pé iṣu àmọ́dún kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ohun tí òun fi ọwọ́ òun ṣe lónìí, yóò fi ọ́ rẹ́rìn-ín, bóyá yóò sì béèrè ọmọ ẹni tí ìwọ í ṣe.

Nísinsìnyí jẹ́ kí a bá àwọn ọmọ abà lọ pọn omi. Nígbà òjò, odò kékeré tí ó wà ní ìsàlẹ̀ oko ń ṣàn, kò sì sí ìyọnu. Ṣùgbọ́n bí òjò ti ń lọ, odò náà yóò máa fà, yóò gé sí wẹ́wẹ́, yóò sì di ọ̀gọ̀dọ̀ tí kò ṣàn mọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pàdé. Ìyá tí ń fọ ẹ̀gúsí wà níbẹ̀, alágbàṣe tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ń bu omi sínú kèrègbè rẹ̀, Fúlàní darandaran pẹ̀lú yóò mu níbẹ̀ kí ó tó kọjá. Àwọn baba wa wí pé omi kò ní ọ̀tá. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, nínú omi yìí gan-an ni àrùn kan ti ń wá, èyí tí àwọn òbí rẹ àgbà mọ̀ dáradára, tí ó sì ṣeé ṣe kí ìwọ máà tíì rí rí: sòbìyà.

Báyìí ni ó ti máa ń ṣẹlẹ̀. Ènìyàn mu omi ọ̀gọ̀dọ̀. Nínú omi náà ni kòkòrò kan wà tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè tètè rí i, nínú kòkòrò yìí ni ọmọ sòbìyà sì wà. Kòkòrò kú sínú ikùn, ọmọ sòbìyà gba ibẹ̀ wọ inú ara. Kò sí ìrora kankan. Ènìyàn ń jẹ, ó ń mu, ó ń kọ ebè rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, ara yóò wú níbì kan, ní ẹsẹ̀ pàápàá, yóò lé ròrò, yóò sì máa jó o bí iná. Nígbà tí ó bá bẹ́, orí aràn funfun kan yóò yọ, tí ó lè gùn tó mítà kan. A kò gbọdọ̀ fi ipá fà á, kí ó má baà já sínú ara. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń ká a mọ́ igi tín-ín-rín lójoojúmọ́, èyí sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nítorí jíjó tí ó ń jó o, aláìsàn a máa fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù, omi náà a sì tù ú lára. Ní ìṣẹ́jú náà gan-an ni aràn yóò da ọmọ rẹ̀ sínú omi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àwọn kòkòrò inú omi yóò gbé wọn mì, àti lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tí ó bá bu omi ibẹ̀ mu ti gba àìsàn àmọ́dún sára.

Wo ìgbà tí ó máa ń dé: ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ìkórè kò tíì tán, tí ebè kò sì tíì pé. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ kò lè lọ sí oko àáró, àáró kò sì ní yí kan òun náà. Bí ilẹ̀ bá le kí ó tó dìde, kò ní iṣu ní ọdún kejì. Nípa báyìí, omi tí ó mu ní èṣí ni ó jẹ iṣu àmọ́dún rẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: ọkùnrin tí ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ǹjẹ́ ó jẹ̀bi?

Láàrin ẹ̀wádún 1970 àti 1980, àwọn olùkọ́ni nípa ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn bá àwọn ará Ìdèrè àti abà rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ọ̀ràn sòbìyà. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí a dá mọ́ ara ni, gẹ́gẹ́ bí iṣan, tí ó kàn máa ń jáde nígbà tí ó bá wù ú. Mi ò rò pé ó yẹ kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún kan gbáko ni ó wà láàrin omi mímu àti ẹsẹ̀ wíwú. Ta ni yóò rántí ahá omi kan tí ó mu lẹ́bàá ọ̀nà oko ní èṣí? Ẹni tí kò mọ̀, tí ẹnìkan kò sì sọ fún, a kò lè dá a lẹ́bi. Ó ṣe ibi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ènìyàn ibi.

Ṣùgbọ́n a wá sọ fún wọn. Àwọn abà yan ènìyàn láàrin ara wọn láti kọ́ ìtọ́jú. Àwọn aránṣọ rán aṣọ asẹ́ tí a lè fi sẹ́ omi kí a tó mu ún, a sì ń tà á fún àwọn ará ilé. Àwọn kan gbà á lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn wí pé baba àwọn mu omi yìí, òun kò sì kú. Níbí ni mo fẹ́ kí a padà sórí èbù. Ẹni tí ń sin iṣu oúnjẹ sínú ilẹ̀ nítorí ọdún tí ń bọ̀, kò lè sọ fún wa pé ọkàn òun kò lè gbé ohun tí yóò pẹ́ tó ọdún kan kí ó tó hàn. Gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ń sọ pé òun gbà á gbọ́. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó wà ni pé èrè èbù yóò bọ́ sínú àká tirẹ̀, ṣùgbọ́n èrè ẹsẹ̀ tí a ki bọ omi, ara ẹlòmíràn ni yóò ti hù, bóyá ti àlejò tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí a bá wádìí ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, kì í ṣe jíjìnnà ọjọ́ ni ó ń mú kí ènìyàn gbàgbé, bí kò ṣe jíjìnnà ẹni tí yóò jìyà.

Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Ó rọrùn fún ẹni tí ara rẹ̀ le láti dúró ní etí omi kí ó máa kígbe pé, “Má wọ inú omi!” Ẹsẹ̀ kò jó o. Òǹgbẹ ń gbẹ aláìsàn, ara ń ta á, ilé rẹ̀ sì ṣófo bí gbogbo ènìyàn bá ti lọ sí oko. Bí kò bá tìró dé odò, ta ni yóò bu omi fún un? Mo gbà pé àṣẹ tí a pa fún ènìyàn láìfún un ní ohun tí yóò fi pa á mọ́, ìjẹgàba ni. Bí abà bá sọ pé kí aláìsàn má wọ odò, abà ti di onígbèsè rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ ní ìkòkò omi kan lójoojúmọ́, kí ó lè rí omi mu, kí ó sì lè rí omi bu sí ẹsẹ̀ ní ibi tí ó jìnnà sí odò, kí a sì da ìyókù rẹ̀ sí ilẹ̀ gbígbẹ. Wọ́n jẹ ẹ́ ní ebè rẹ̀ pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè san àáró náà padà ní ọdún yẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọdé ni a ń rán ní iṣẹ́ omi yìí, irú ọmọ tí kò tó ìwọ tí o ń ka ìwé yìí.

Ìmọ̀ àti omi rere ni ó ṣẹ́gun, nítorí kò sí oògùn kan tí ó lè pa sòbìyà, kò sì sí abẹ́rẹ́ tí a lè fi dènà rẹ̀ títí di òní. Láàrin ẹ̀wádún 1960, nígbà tí omi ẹ̀rọ dé Ìgbò-Ọrà, àrùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nínú ìlú, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ kì í tètè dé abà. Nígbà tí a kọ́kọ́ wá àwọn aláìsàn yìí káàkiri Nàìjíríà ní ìparí ẹ̀wádún 1980, àwọn tí a kà lé ní 650,000. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, ẹni tí ó ti jẹ olórí orílẹ̀-èdè yìí rí, pẹ̀lú rìn káàkiri abúlé nítorí rẹ̀. Ní ọdún 2008 ni a rí aláìsàn ìkẹyìn, ní ìpínlẹ̀ Enugu, nígbà tí ó sì di ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìyà ti tán ní Nàìjíríà. Ní gbogbo ayé, níbi tí nǹkan bí 3,500,000 ènìyàn ti ń ní i lọ́dọọdún ní ìwọ̀n ọdún 1986, ènìyàn 14 péré ni ó ní i ní ọdún 2023. Ẹsẹ̀ tí a kò ki bọ omi àti aṣọ tí a fi sẹ́ omi ni ó ṣe ọ̀pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí.

Òjò àrọ̀kúrò ṣì ń dágbére ní Ìbàràpá lọ́dọọdún, odò ṣì ń gé sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò fi ọkọ́ nìkan ro oko mọ́. Wọ́n gbé páǹpù oògùn apakoríko kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n sì ń fọ́n ọn láti àárọ̀ di ìyálẹ̀ta. Omi ni a fi ń po oògùn náà, nítorí náà etí odò ni a ti ń pò ó. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ibẹ̀ kan náà ni àwọn kan ti ń ṣan páǹpù, tí wọ́n sì ń sọ ike rẹ̀ nù. Ara kò ta ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ní ìsàlẹ̀ odò, ìyá kan ń fọ ẹ̀gúsí rẹ̀.

A kọ ọ́ sára ike oògùn bẹ́ẹ̀ pé kí a má ṣe dà á sínú omi tí ènìyàn tàbí ẹran ń lò. Ó wà níbẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Baba tí ó gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn lè má mọ̀ ọ́n kà. Ìwọ mọ̀ ọ́n kà.