DÁRÍ JÌ: OHUN TA NI A Ń FI FÚNNI?

Bí ẹsẹ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ ní ọjà Glazoué, "Pardon!" ni a ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Donner" wà nínú "pardonner" ti Faransé, èyíinì ni fífúnni. "Forgive" tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè, "give" wà nínú tirẹ̀, fífúnni náà ni. Ó ti wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ju 1,000 ọdún lọ, ìtumọ̀ rẹ̀ àtijọ́ sì ni kí á yọ̀ǹda nǹkan pátápátá.

Kí ni a ń yọ̀ǹda? Gbèsè ni, Matiu 6:12 pè é bẹ́ẹ̀. Nínú Matiu 18, ọba fi 10,000 tálẹ́ńtì jin ẹrú rẹ̀. Tálẹ́ńtì kan ṣoṣo tó owó iṣẹ́ òòjọ́ 6,000! Ṣùgbọ́n owó ọba ni.

Ní Aklampa níhìn-ín ńkọ́? Ẹnìkan jẹ opó lówó iṣu, kò san. Alàgbà míràn á pe opó náà: "Ìyá, ẹ dárí jì í nítorí Jésù." Ta ló ni iṣu? Èyí tí a fi ipá gbà, ẹ̀bùn ha ni bí? Àwa kò ní kí opó di kùnrùngbùn; àṣẹ Olúwa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni a pa á láṣẹ fún, a kò ní kí á bá a ṣe é. Onígbèsè ni kí á kọ́kọ́ pè, kí á bi í ní ọjọ́ tí yóò san án.