Fáìlì Tí Ará Wẹ́fíà Fi Sílẹ̀

Ẹni tó bá gba Másítáàsì nínú iṣẹ́ wẹ́fíà ní Ìlú Bìní kì í pẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà gbà. Iṣẹ́ ìjọba wà, owó rẹ̀ kéré. Ẹgbẹ́ aláàánú tí owó rẹ̀ ń ti òkè òkun wá ń sanwó gidi, àmọ́ ọjọ́ tí owó bá tán ni iṣẹ́ tán. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń pè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Social Work England, àjọ tó gba àkóso iṣẹ́ náà níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2019. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó wá ibi tó sàn. Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọlúàbí jókòó ti òṣì. Bó ṣe kúrò ni mo fẹ́ wò.

Ẹ wo àwọn tó ń fi sílẹ̀. Láti 2017 ni bàálù ti ń kó àwọn ọmọ wa bọ̀ láti Líbíà lábẹ́ ètò IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọmọ Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ọmọbìnrin tó bá dé bẹ́ẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kìíní. Gbèsè lè wà lọ́rùn rẹ̀. Ó lè ti búra lójúbọ kó tó kúrò nílé. Ìyá rẹ̀ gan-an lè wà lára àwọn tó rán an lọ. Ìgbà tó bá wá lanu, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kan péré ló sọ ọ́ fún. Ẹni yẹn ríṣẹ́ mìíràn, ó pa fóònù, kò fa ọmọ náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ ṣí fáìlì: ọjọ́ tí wọ́n pàdé nìkan ló wà níbẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ yóò tún máa ka ohun tójú rẹ̀ rí fún àjèjì láti ìbẹ̀rẹ̀, bí kò bá kúkú dákẹ́ pátápátá.

Ti àwòrán tún burú jù. Òṣìṣẹ́ á gbé e sórí LinkedIn: òun rèé, ẹ̀rín kún ẹnu, ẹni tó ń tọ́jú dúró tì í. Wọ́n bo ojú ọmọ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn kedere. Ta ni kò ní dá a mọ̀ ládùúgbò? Àṣírí ẹlòmíràn ló fi ń wáṣẹ́ yẹn.

Àwọn kan sì wà tí ìwé ti gùn lórí, tí wọn kì í kí ìyá àgbà tó ti ń bá wẹ́fíà ìjọba ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó wọ yunifásítì, nítorí dípúlómà ni ìyá ní. Ìyá yìí ló gbọ́ Ẹdó dénú. Òun ló mọ ẹni tí a ń rí nínú ẹbí. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìbúra: ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Bìní tú ìbúra tí wọ́n fi de àwọn ọmọ wọ̀nyí, ó sì fi àwọn tó ń tà wọ́n gégùn-ún. Kò sí ìwé kíláàsì tó kọ́ni bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ Ọba yìí fi ẹni tí ẹ̀rù ń bà lọ́kàn balẹ̀. Ẹsẹ̀ àgbà la ti ń kọ́ ọ.

Ẹ̀bi kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ nìkan ṣá o. Àwọn tó ń fowó sílẹ̀ a máa béèrè iye ènìyàn tí o tọ́jú, iye ìpàdé tí o ṣe. Wọn kì í béèrè ẹni tí o fà wọ́n lé lọ́wọ́ nígbà tí o ń lọ. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń gbani síṣẹ́, ìbéèrè yẹn ni n óò kọ́kọ́ bi ẹni tó ń wáṣẹ́, kí n tó wo Másítáàsì rẹ̀.