Kí ni Ìdọ́gba?

Ǹjẹ́ fífún ẹni méjì ní iye kan náà ni ìdọ́gba? Alùpùpù Triumph Bonneville, èyí tí ó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1959, ni ó bi wá ní ìbéèrè yìí. Sílíńdà méjì ni ó ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kabúrétọ̀ tirẹ̀. Àwa yí síkúrù méjèèjì ní iye kan náà, a sì pe ara wa ní olódodo. Síbẹ̀, bí a bá dúró, ẹ́ńjìnnì a máa gbọ̀n, a sì kú. Ọ̀kan ti gbó ju èkejì lọ. Lórí eré, èyí tí ó lágbára ń ru ẹrù rẹ̀, a kò sì mọ̀.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, a yọ wáyà púlọ́ọ̀gì ti ọ̀kan, a sì yí síkúrù èkejì títí ó fi ń dá dún jẹ́jẹ́ láìkú. A ṣe ọ̀kan yòókù bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ wò ó, iye tí a yí wọn yàtọ̀! Nígbà tí wọ́n jùmọ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n yára jù. A rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ ní iye kan náà, nítorí níbẹ̀ ni ó tọ́. Lẹ́yìn èyí a pa á, a fi ìka kan ẹnu kabúrétọ̀ méjèèjì, ọmọdé kan sì rọra yí ọwọ́ iná: wọ́n jọ gbéra.