Papusza àti Èdè Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Pamọ́

Tí èdè kan bá ti ń kú lọ, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì! Kò burú. Ṣùgbọ́n tí àwọn tó ni èdè bá ní àwọn ò fẹ́ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ Bronisława Wajs ló gbé mi dé ibi ìbéèrè yìí. Akéwì ni, ọmọ Roma ní Pólándì. Papusza, ìyẹn ọmọláńgidi, ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè é. Wọn kì í sábà rán ọmọbìnrin lọ sílé-ìwé nígbà náà, ló bá ń jí adìẹ gbé lọ fún àwọn tó lè kọ́ ọ ní ìwé kíkà. (Ẹ má rẹ́rìn-ín o, owó ilé-ìwé nìyẹn.) Nígbà ogun, inú igbó ni òun àti ẹbí rẹ̀ sá pamọ́ sí kí àwọn Nazi má baà pa wọ́n. Èdè Romani ló fi kọ ohun tójú wọn rí lórin.

Ní 1949, akéwì ọmọ Pólándì kan, Jerzy Ficowski, pàdé rẹ̀. Ó ní kó máa kọ àwọn orin náà sílẹ̀, ó túmọ̀ wọn sí èdè Polish, ó sì gbé wọn jáde. Àsìkò yẹn gan-an ni ìjọba ń wá bí àwọn Roma ṣe máa jáwọ́ nínú ìrìn kiri, Ficowski náà sì ti ìjọba lẹ́yìn. Ní 1953, ó tẹ ìwé kan nípa wọn: àṣà wọn, èèwọ̀ wọn, èdè wọn. Làwọn àgbà bá ní Papusza ló tú àṣírí àwọn síta. Wọ́n kéde pé ó ti di aláìmọ́, wọ́n ta á nù. Ó dáná sun lára ohun tó kọ, ọkàn rẹ̀ dàrú débi pé ó di èrò ilé ìwòsàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì bá a ṣe mọ́ títí tó fi kú ní 1987.

Ó rọrùn ká bú àwọn àgbà yẹn. Ẹ gbọ́ èyí ná. Ní Jámánì láyé Hitler, obìnrin kan tó ń jẹ́ Eva Justin kọ́ èdè Romani. Ó ń fi í bá àwọn Roma àti Sinti sọ̀rọ̀, wọ́n fọkàn tán an, àṣé ìdílé wọn ló ń kọ sílẹ̀ fún ọ́fíìsì Robert Ritter. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kó odindi ẹbí lọ sí Auschwitz. Títí di òní, ọ̀pọ̀ Sinti ò fẹ́ kí àjèjì gbọ́ èdè wọn. Tó bá jẹ́ ìwọ, ṣé wàá ṣílẹ̀kùn?

Síbẹ̀, mi ò lè tẹ̀lé wọn dé òpin. Ẹni tí ọwọ́ wọn tó ni wọ́n nà. Ìjọba ò jìyà, Ficowski ń tẹ ìwé rẹ̀ lọ.

Ẹ wo Rajko Đurić, akéwì Roma láti Serbia. Òun náà fi Romani kéwì, ó sì kọ ìwé gírámà. Ní ìpàdé àgbáyé àwọn Roma ní 1990, níbi tí wọ́n ti fi í ṣe ààrẹ, wọ́n fọwọ́ sí álífábẹ́ẹ̀tì kan fún èdè náà. Ẹ̀bá Warsaw ni wọ́n sì ti ṣe é, ní Pólándì kan náà! Àwọn Roma fúnra wọn ló jókòó, àwọn ló pinnu. Papusza ló kọ orin tirẹ̀, àmọ́ ẹlòmíì ló yan ẹni tó máa kà á.

Kí ìwé 1953 yẹn tó jáde, Papusza lọ sí Warsaw, ó bẹ ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé pé kí wọ́n bá òun dá a dúró. Ó tún lọ bẹ àwọn tó ń tẹ ìwé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́.