Ẹ̀bùn Ọwọ́: Ta Ni Ó Ni Ín?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀yin òbí wa, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí á jọ yẹ̀ wò. Bí Ọlọ́hun bá fún ẹnì kan ní ẹ̀bùn ewì tàbí ti àwòrán yíyà, ta ni ó ni ẹ̀bùn náà? Ṣé ẹni tí a fún ni, àbí àwùjọ tí ó ń gbé láàárín wọn? Àwọn kan a máa sọ pé ohun tí Ọlọ́hun fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀fẹ́ ni kí òun náà fi ṣe fún aráyé. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á gbé e lé orí ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìgbésí ayé Sadequain, akéwì àti ayàwòrán ilẹ̀ Pakistan. Ìlú Amroha ní ilẹ̀ Índíà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1930, nínú ìdílé tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ọnà ìkọ̀wé. Lẹ́yìn tí wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì ní 1947, ó di ọmọ Pakistan. Ní 1961, wọ́n dá a lọ́lá níbi ìpàtẹ àwòrán ńlá kan ní ìlú Paris. Ó lo ọdún díẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ó padà sílé.

Ní 1967, ó ya àwòrán kan ní Mangla, níbi tí wọ́n ti sé odò láti fi pèsè iná mànàmáná. Gígùn àwòrán náà ju ẹsẹ̀ bàtà 150 lọ. Làálàá àwọn òṣìṣẹ́ ni ó yà síbẹ̀, láti ayé òkúta títí di ayé ẹ̀rọ. Ó kọ ewì onílà mẹ́rin mẹ́rin lọ́pọ̀lọpọ̀ ní èdè Urdu, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán sí wọn. Ó tún fi ọnà kọ Súrà Ar-Rahman, súrà tí ó ń ka oore Ọlọ́hun lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ìbéèrè kan ṣoṣo nípa oore wọ̀nyẹn sì ń padà wá nínú rẹ̀ nígbà 31.

Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni kò tà. Ó fi wọ́n ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ, ó sì fún ilé ìjọba. Òun ni ó ya àjà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Lahore. Àjà Frere Hall ní Karachi ni ó ń yà lọ́wọ́ nígbà tí ikú dé ní 1987; kò parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn tí ó fún ṣe sí i? Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó wọlẹ̀ sí. Àwọn mìíràn sì ń ya ayédèrú, wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ tà á.

Ẹlòmíràn lè wí pé òun ni ó fà á: bí ó bá tà á lówó gọbọi, ẹni tí ó rà á ìbá tọ́jú rẹ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ta gbogbo rẹ̀, inú pálọ̀ olówó ni ìbá wà. Nítorí pé ó fi tọrẹ, mẹ̀kúnnù tí ó bá wọ Frere Hall lè gbójú sókè kí ó rí ohun tí ọba ìbá máa fi yangàn.

Nítorí náà, a kò sọ pé ìtọrẹ burú. Ohun tí a ń sọ ni pé olóhun nìkan ni ó lè fi ohun rẹ̀ ṣe sàráà. Ọlọ́hun ni ó ni ẹ̀bùn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òógùn ojú, àìsùn òru àti owó ọ̀dà, ti òṣìṣẹ́ ni. Òṣìṣẹ́ bí àwọn tí Sadequain yà sí Mangla ni òun fúnra rẹ̀. Bí ó bá ní òun kò gbowó, kí á dúpẹ́. Bí àwa bá ní kò gbọdọ̀ gbowó, a ti rẹ́ ẹ jẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. A ń sọ fún ọ̀dọ́ tí ó mọ ewì í ké pé kí ó wá ké e níbi wòlíìmọ̀ wa "nítorí Ọlọ́hun". A ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ń kọ ọnà sí ògiri mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n a ń san owó ọlọ́bẹ̀, a ń san owó alága àti abọ́. Ṣé iṣẹ́ tiwọn kọ́ ni Ọlọ́hun fún wọn ní agbára láti ṣe?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí Ọlọ́hun fi ẹ̀bùn jíǹkí, ẹ má ṣe háwọ́. Ẹ ya apá kan sọ́tọ̀ tí ẹ ó fi tọrẹ, kí ẹ sì fi ìyókù jẹun láìtijú. Ẹ̀yin àgbà, ohun tí ọmọ bá fi tọrẹ fún yín, ohun àfiṣọ́ ni. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí òjò má pa á, kí ikán má jẹ ẹ́. Àwọn baba wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìtọ́jú ni ọpẹ́ tí ó wà fún iṣẹ́ ọwọ́. Kí Ọlọ́hun má ṣe kà wá mọ́ ọlọ́ṣà. Àmín.